Ọ̀nà Tí Ọkọ̀ Ojú Irin Fi Sílẹ̀

Bí ọ̀nà kan bá ti dákẹ́, tí ọkọ̀ kò gba ibẹ̀ mọ́, ohun tí ó sábà máa ń tẹ̀ lé e ni pé igbó yóò bò ó, afárá rẹ̀ yóò jẹrà, ìran tí ń bọ̀ kò sì ní mọ̀ pé ẹsẹ̀ ènìyàn tẹ ibẹ̀ rí. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn gbà pé bí ó ti yẹ kí ó rí nìyẹn. Wọ́n ní ohun tí ó bá ti gbó, kí a jẹ́ kí ó lọ. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Èrò tèmi ni pé ogún ni ọ̀nà àtijọ́ tí ó gba àárín igbó, òkè àti odò kọjá, àti pé ó ṣòro kí a rí ẹni tí yóò lò ó láìbà á jẹ́ ju ẹni tí ń gun kẹ̀kẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ogún yìí ní gbèsè lọ́rùn, a kò sì gbọdọ̀ jẹ ogún kí a kọ gbèsè. Kí ọ̀rọ̀ mi má baà dà bí àlá, n ó mú àpẹẹrẹ wá láti ìpínlẹ̀ Wisconsin ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí a ti dán ọ̀ràn náà wò.

Ní apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ náà, ilẹ̀ kò tẹ́jú rárá. Ní ayé àtijọ́, yìnyín ńláńlá bo apá àríwá Amẹ́ríkà, ó ń wọ́ lọ lórí ilẹ̀, ó ń fá orí òkè, ó sì ń dí àfonífojì. Ṣùgbọ́n yìnyín náà yà fún agbègbè yìí; kò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nítorí náà ni omi fi rí àyè gbẹ́ ilẹ̀ náà fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, títí òkè fi dúró gàgàrà, tí àfonífojì tóóró sì wà láàárín òkè àti òkè. Igi oaku àti oríṣiríṣi igi mìíràn bo ẹ̀gbẹ́ òkè. Màlúù ń jẹ koríko ní ìsàlẹ̀. Odò Kickapoo sì ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ejò fún ohun tí ó lé ní 100 máìlì kí ó tó wọ inú odò Wisconsin.

Oríṣi ọ̀nà méjì ni oníkẹ̀kẹ́ ń rí ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èkíní ni ọ̀nà abúlé. Òmíràn nínú wọn tọ orí òkè lọ, òmíràn tọ etí odò. Èyí tí ó so méjèèjì pọ̀ a sì máa ga débi pé ẹni tí ó bá gùn ún yóò mí hẹlẹhẹlẹ. Púpọ̀ nínú ọ̀nà wọ̀nyí ni a ti fi ọ̀dà tẹ́ nítorí àwọn ọkọ̀ tí ń kó wàrà láti oko àwọn olùsìn màlúù, ṣùgbọ́n àwọn kan ṣì wà tí òkúta wẹ́wẹ́ bo ojú wọn. Èkejì ni ọ̀nà tí ọkọ̀ ojú irin fi sílẹ̀, òun gan-an sì ni ó fa ọ̀rọ̀ mi.

Ní ọdún 1873 ni ọkọ̀ ojú irin ilé iṣẹ́ Chicago and North Western bẹ̀rẹ̀ sí rìn láàárín Elroy àti Sparta, ìrìn 32 máìlì. Ẹ mọ̀ pé irin lórí irin a máa yọ̀, ọkọ̀ ojú irin kò sì lè gun òkè gàgàrà. Nítorí náà àwọn òṣìṣẹ́ gé òkè, wọ́n kún kòtò, wọ́n sì dá ihò mẹ́ta lu gba abẹ́ òkè kọjá. Méjì nínú ihò náà gùn ju ìdá kan nínú mẹ́rin máìlì lọ. Ẹ̀kẹta gùn tó 3,810 ẹsẹ̀ bàtà. Ilẹ̀kùn ńlá ni a fi ń ti ẹnu wọn nígbà òtútù, kí omi tí ń kán láti ara àpáta má baà di yìnyín kí ó sì ba ihò náà jẹ́. Ẹni tí ń ṣọ́ ọ ni í ṣí i bí ọkọ̀ bá ń bọ̀.

Ní ọdún 1964 ọkọ̀ dákẹ́. Kàkà kí a jẹ́ kí igbó gba ibẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ ra ọ̀nà náà ní ọdún 1965, wọ́n tú irin kúrò, wọ́n fi òkúta ẹfun tí a lọ̀ wẹ́wẹ́ tẹ́ ojú rẹ̀, nígbà tí ó sì di ọdún 1967 a ṣí i fún àwọn oníkẹ̀kẹ́. Ọ̀pọ̀ kà á sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ohun tí ó ṣòro fún àwọn tí ó la ọ̀nà náà ti di ìrọ̀rùn fún wa: nítorí pé a tẹ́ ẹ fún ọkọ̀ ojú irin, ọmọdé àti arúgbó lè gùn ún láàárín òkè ńláńlá láìsọ̀kalẹ̀, àfi nínú ihò, níbi tí olúkúlùkù ní láti mú iná lọ́wọ́ kí ó sì máa ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé eré lásán ni èyí, owó ìlú kò sì yẹ fún eré. Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣe é kọ̀ pátápátá, nítorí ìlú tí kò ní omi mímu kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ ra ìlù. Ṣùgbọ́n kí wọ́n wo àwọn abúlé bí Kendall, Wilton àti Norwalk tí ó wà lójú ọ̀nà náà. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin lọ, ohun tí ń mú àlejò wá bá wọn ni ó lọ. Oníkẹ̀kẹ́ kì í sáré kọjá bí ọlọ́kọ̀. Ebi a máa pa á, òùngbẹ a máa gbẹ ẹ́, ilẹ̀ a sì máa ṣú u sọ́nà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti pé ọmọ ọdún 16 ni ó sì ń san owó kí ó tó gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀, kí àtúnṣe ọ̀nà má baà di ẹrù àwọn ẹlòmíràn nìkan.

Àwọn mìíràn yóò bi wá pé, bí ọ̀nà bá dára tó bẹ́ẹ̀, kí ni kò jẹ́ kí a fi ọ̀dà tẹ́ ẹ? Èsì mi ni pé ọ̀dà a máa pe eré sísá. Òkúta wẹ́wẹ́ ń kọ́ ènìyàn ní sùúrù. Ẹni tí ó bá ń sọ̀kalẹ̀ òkè lórí rẹ̀, tí ó sì fún bíréèkì iwájú pọ̀ lójijì, ilẹ̀ ni yóò bá ara rẹ̀. Ẹni tí ó fi táyà tí ó fẹ̀ gùn ún, tí ó rọra ń dín eré kù, yóò dé ìsàlẹ̀ ní àlàáfíà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í ni ni lára.

Ẹ̀sùn kan ṣì kù, òun ni ó wúwo jù: ta ni ó ni ilẹ̀ tí a ń gùn kọjá? Ní ọdún 1962, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà pinnu láti sé odò Kickapoo ní La Farge, kí àkúnya omi má baà máa pa àwọn ará ìsàlẹ̀ lára. Wọ́n ra oko lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Ìdílé tí ó lé ní 100 kó kúrò nílé bàbá wọn. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1971. Ní ọdún 1975 wọ́n dá a dúró, wọn kò sì parí rẹ̀ mọ́ títí di òní. Ilé ìṣọ́ tí ìbá máa darí omi ṣì dúró gbagidi níbẹ̀, láìsí omi kankan tí yóò darí. Nǹkan bí 8,600 éékà ilẹ̀ náà ni ó ti di igbó àdásí, tí ìpínlẹ̀ àti àwọn ẹ̀yà Ho-Chunk, tí ilẹ̀ náà jẹ́ ti baba ńlá wọn, jọ ń bójú tó. Ọ̀nà mọ́tò tí ó ti gba ibẹ̀ rí ti di ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́.

Ìgbó dídákẹ́ tí ó dùn mọ́ àlejò nínú yìí, omijé ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Èmi kò wí pé nítorí èyí kí ẹnikẹ́ni má gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀ mọ́. Bí a bá ti ọ̀nà náà pa, kò sí ìdílé kan tí yóò tìtorí bẹ́ẹ̀ padà sílé. Ohun tí mo ń wí ni pé ẹni tí ó ń gbádùn ilẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ìtàn ilẹ̀. Kí a sọ ọ́ fún àlejò kí ó tó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kí ó má wọ oko olóko. Kí ó yà fún màlúù àti fún ẹni tí ń lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀. Kí a má sì gbàgbé pé omi kò tíì di ọ̀rẹ́ ènìyàn níbẹ̀: ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, òjò ńlá rọ̀, ìsédò kéékèèké márùn-ún sì já ní agbègbè náà. Ọ̀nà tí a bá là sínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìla ojú àgbàrá fún un, òjò kan ṣoṣo ni yóò gbé e lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ń ka ìwé yìí, lọ́jọ́ kan ẹ̀yin ni yóò máa pinnu ohun tí a ó fi ọ̀nà àtijọ́ ṣe. Ẹ má ṣe yára pè é ní òkú. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè ẹni tí ó là á, ẹni tí ó kó kúrò nítorí rẹ̀, àti ẹni tí ó ń gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nísinsìnyí. Bí ẹ bá ti fún olúkúlùkù wọn ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, nígbà náà ni kí ẹ tó ṣí i fún àlejò.