Bí wọ́n ṣe rán kọ̀ǹpútà níṣẹ́ ló ṣe jẹ́ ẹ: Fáìlì kékeré tó dá bàálù dúró

Ká ní ẹnì kan ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé fáìlì kékeré kan báyìí máa dá bàálù dúró l'Amẹ́ríkà, táá mú kí tẹlifíṣàn Sky News dákẹ́ nílùú ọba, táwọn dókítà ibẹ̀ ò sì ní í rí àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn wọn mọ́, gbogbo èèyàn ni ì bá sọ pé orí onítọ̀hún ti dàrú. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn lọ́jọ́ Ẹtì, Fúráìdé, ọjọ́ 19, oṣù keje, ọdún 2024. Kó tó di ọ̀sán, ariwo ẹ̀ ti gba gbogbo ayé kan.

Ọwọ́ àwọn CrowdStrike, ilé-iṣẹ́ kan tó fìdí kalẹ̀ sílùú Austin ní ìpínlẹ̀ Texas, lọ̀rọ̀ náà ti wá. Iṣẹ́ ọdẹ ni wọ́n ń ṣe, àmọ́ kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń ṣọ́. Bí ilé-iṣẹ́ ńlá kan bá ti sanwó fún wọn, wọ́n á fi ọdẹ wọn, ìyẹn Falcon, sínú kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ì báà wà ní London, ì báà wà ní Sydney. Lẹ́yìn ìyẹn, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n á ti máa fi ìwé àṣẹ ránṣẹ́ sí i: ṣọ́ èyí, má gba tọ̀hún láyè, bí o bá rí irú olè báyìí, dá a dúró. Ọdẹ yẹn náà ló ṣì wà níbẹ̀ o, ìwé àṣẹ ẹ̀ ló ń yí padà lemọ́lemọ́, torí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì náà kì í fi ọgbọ́n kan ṣoṣo jalè.

Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà méjì lè jókòó síwájú wọn kó ṣètò wọn fúnra ẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tí wọ́n fọ́n káàkiri ìlú, àfi kó wà lójú kan kó máa ti ibẹ̀ ránṣẹ́. Àmọ́ ibi tí ìrọ̀rùn wà yẹn náà ni ewu wà. Àṣẹ tó dáa á dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn, èyí tó bàjẹ́ náà á sì dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn.

Èyí tó bàjẹ́ ló lọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Fáìlì tí wọ́n ń pè ní 291 ni. Ìwé àṣẹ náà ní nǹkan 21 ni kí ọdẹ yẹ̀ wò, bẹ́ẹ̀ 20 péré ló wà lọ́wọ́ ọdẹ. Láti oṣù kẹta ọdún náà ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti ń lọ, wàhálà kankan ò sì sí, torí àwọn ti tẹ́lẹ̀ sọ pé ohun yòówù tó bá wà ní ipò ìkọkànlélógún, kó gbà bẹ́ẹ̀. Ìwé ti ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ sọ pé kó wò ó dáadáa. Ọdẹ nawọ́ síbi tí kò sí nǹkan ẹ̀. Bẹ́ẹ̀, inú ọkàn Windows gan-an ni ọdẹ yìí ń gbé, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà. Bó ṣe ṣubú, gbogbo kọ̀ǹpútà bá a ṣubú, ojú ẹ̀ di búlúù.

Aago márùn-ún ìdájí kọjá ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, ní aago Nàìjíríà, ni wọ́n fi ránṣẹ́. Nígbà tó máa fi di aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, wọ́n ti rí àṣìṣe náà, wọ́n ti fà á padà. Ìṣẹ́jú 78 péré ni o. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Microsoft fúnra wọn ṣírò ẹ̀, wọ́n ní kọ̀ǹpútà tó ṣubú tó mílíọ̀nù mẹ́jọ àbọ̀, bẹ́ẹ̀ ìyẹn ò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows láyé.

Ẹni tó bá ń gbọ́ ọ á ní kí ló dé tí wọn ò fi ránṣẹ́ àtúnṣe gba ọ̀nà tí wọ́n gbà ránṣẹ́ ìbàjẹ́. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti di wàhálà. Bí wọ́n bá tan kọ̀ǹpútà, á ka fáìlì yẹn, á kú. Wọ́n á tún tàn án, á tún kú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò jí pẹ́ tó láti gba iṣẹ́ tuntun. Àfi kí èèyàn ẹlẹ́ran ara lọ jókòó síwájú ẹ̀, kó jí i dìde lọ́nà àkànṣe, kó fọwọ́ ara ẹ̀ pa fáìlì náà rẹ́. Èyí tí wọ́n bá sì ti tì pa nítorí olè, wọ́n ní láti tẹ nọ́ńbà 48 sí i kó tó ṣí. Níbòmíì, inú kọ̀ǹpútà tó kú náà ni nọ́ńbà yẹn wà!

Delta, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ bàálù l'Amẹ́ríkà, lọ̀rọ̀ náà dùn jù. Bí ìrìnàjò bàálù ẹgbẹ̀rún méje ni wọ́n fagi lé láàárín ọjọ́ márùn-ún, ọ̀gá wọn, Ed Bastian, sì sọ pé ìdá mílíọ̀nù 500 dọ́là làwọn pàdánù. Ó ní kọ̀ǹpútà ńlá 40,000 làwọn fọwọ́ tún ṣe. Nígbà tó di oṣù kẹwàá ọdún yẹn, wọ́n gbé CrowdStrike lọ sílé ẹjọ́. Àwọn yẹn náà fèsì pé ọwọ́ Delta fúnra ẹ̀ ló fà á tí wọn ò fi tètè dìde.

Èyí tó wá ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù ni pé George Kurtz, ọ̀gá CrowdStrike, ló jẹ́ ọ̀gá àgbà nídìí ìmọ̀ ẹ̀rọ ní McAfee ní oṣù kẹrin ọdún 2010, nígbà tí ìwé àṣẹ McAfee náà sọ pé fáìlì Windows tí kò ṣẹ̀ ní kòkòrò nínú, tí kọ̀ǹpútà sì kú rẹpẹtẹ. Ọdún mẹ́rìnlá ló wà láàárín méjèèjì.

Àwọn àgbà ní ẹsẹ̀ méjèèjì kọ́ la fi í wo bí odò ṣe jìn tó. Ohun tí wọn ò ṣe lọ́jọ́ náà nìyẹn. Àyẹ̀wò tí wọ́n gbára lé ò rí àṣìṣe náà, wọ́n sì dá ìwé àṣẹ sọ́dọ̀ gbogbo oníbàárà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ká ní kọ̀ǹpútà ọgọ́rùn-ún, tó wà nílé wọn, ni wọ́n kọ́kọ́ rán an sí, kí wọ́n dúró díẹ̀ kó tó kan ẹlòmíì, inú ilé ni ẹkún ì bá mọ. Wọ́n ti wá ṣèlérí lẹ́yìn náà pé díẹ̀díẹ̀ làwọn á máa fi ránṣẹ́, oníbàárà náà á sì lè sọ ìgbà tó fẹ́ gbà á.

Kò sì yẹ kó jẹ́ àwọn olówó Texas nìkan lọ̀rọ̀ yìí bá wí. Ẹni tó ní ẹ̀ka iṣẹ́ mẹ́ta péré, tó ń ti ilé ṣètò kọ̀ǹpútà wọn, ó yẹ kó kọ́kọ́ gbé àṣẹ tuntun wò lórí ẹyọ kan tó wà nítòsí ẹ̀. Kó tọ́jú èyí tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa tẹ́lẹ̀ pamọ́. Kó sì mọ ẹni tó máa débẹ̀ bí ọ̀nà orí afẹ́fẹ́ bá dí. Torí ọmọ èèyàn ni wọ́n lè rán níṣẹ́ ẹrú kó fi tọmọ jẹ́ ẹ. Kọ̀ǹpútà ò mọ ìyẹn. Iṣẹ́ ẹrú tí wọ́n bá rán an, iṣẹ́ ẹrú náà ló máa jẹ́.