Owó mọ́tò dé ọsibítù: Ọ̀rọ̀ HIV ti wọ inú ṣọ́ọ̀bù àwọn oníṣòwò

Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà dá owó ìrànwọ́ tó ń ná sí ilẹ̀ òkèèrè dúró ní oṣù kìíní ọdún 2025, ọ̀rọ̀ oògùn ni gbogbo èèyàn ń pariwo. Ìbéèrè tó wà lẹ́nu wọn ni pé ṣé oògùn HIV tí wọ́n ń fún àwọn èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ ní Nàìjíríà kò ní í tán nílẹ̀ báyìí? Kò pẹ́ tí Amẹ́ríkà fi yọ oògùn tó ń gba ẹ̀mí là sílẹ̀ nínú àṣẹ náà. Ní oṣù kejì, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ l'Ábùjá náà fọwọ́ sí bílíọ̀nù 4.8 náírà láti fi ra 150,000 ìdì oògùn. Ọkàn àwọn èèyàn wá balẹ̀ díẹ̀.

Ṣùgbọ́n oògùn nìkan kọ́ ni owó òkèèrè yẹn ń rà. Òun náà ló ń gbé àwọn tó ń wá ẹni tí kò yọjú wá gba oògùn rẹ̀ kiri, òun ló ń gbé ìpàdé tí àwọn tó ní kòkòrò náà ti ń rí ara wọn bá sọ̀rọ̀. Apá ibẹ̀ yìí ni ariwo ò pọ̀ lé lórí. Bẹ́ẹ̀, apá ibẹ̀ gan-an ló kan oníṣòwò kékeré ní Muṣin, Yábàá àti Sùúrùlérè.

Iṣẹ́ àtìlẹyìn tí à ń wí yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá rárá. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ó ní HIV, ẹlòmíràn tó ti ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ látọdún mẹ́wàá ló máa jókòó tì í, tí á sọ fún un pé ayé ò tíì parí. Ẹni tí ọjọ́ oògùn rẹ̀ pé tí wọn ò rí i, wọ́n á pè é. Tí fóònù ò bá lọ, wọ́n á wá a dé Ojúwoyè tàbí Ládípọ̀. Aboyún tó bá ní in, obìnrin tó ti wà nírú ipò bẹ́ẹ̀ rí, tó sì bí ọmọ tí kò ní in, ni wọ́n máa ń fà á lé lọ́wọ́. Láti ọdún 1998 ni ẹgbẹ́ NEPWHAN, ìyẹn àpapọ̀ ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbé pẹ̀lú HIV ní Nàìjíríà, ti wà, tí àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké sì ń ṣèpàdé káàkiri. Iṣẹ́ ẹnu àti ẹsẹ̀ ni. Owó mọ́tò àti káàdì fóònù ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń ná wọn.

Owó mọ́tò yìí ò sì kéré mọ́. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọwọ́ nínú owó ìrànwọ́ orí epo ni owó dáńfó ti ń fò sókè. Ohun mìíràn tún wà tí ẹni tọ́rọ̀ ò kàn lè má mọ̀. Ibi ìtọ́jú ò jìnnà sáwọn ará Mainland. NIMR, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn ilẹ̀ yìí, wà ní Yábàá, LUTH wà ní Ìdí-Àràbà. Síbẹ̀, àwọn kan wà tó ń gbé ní Muṣin tí wọn á fò gbogbo ìwọ̀nyí, tí wọn á wọ mọ́tò lọ gba oògùn níbi tó jìnnà réré, kí aládùúgbò má bàa rí wọn lórí ìlà. Ìtìjú ló ń gba owó yẹn lọ́wọ́ wọn, kì í ṣe àìsàn.

Kí oníṣòwò wá fi ojú ìṣirò wò ó. Ẹni tí oògùn ti bá lára mu, oògùn oṣù mẹ́ta ni wọ́n máa ń kó fún un lẹ́ẹ̀kan, nígbà mìíràn ti oṣù mẹ́fà. Ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin ni yóò lọ sọ́sibítù láàárín ọdún kan. Ibà kan ṣoṣo tó bá mú ọmọ iṣẹ́ dáadáa lè gba ọjọ́ mẹ́rin lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè sọ ibi tó ń lọ kò lè tọrọ ààyè bí ẹni tí ibà ń ṣe. Irọ́ ló máa pa. Á ní ìyá òun ń ṣàìsàn nílé, á ní àwọn fẹ́ lọ sìnkú. Ọmọ iṣẹ́ mìíràn á ti sin ẹ̀gbọ́n bàbá kan náà lẹ́ẹ̀mẹta kí ọdún tó parí. Nígbà tí irọ́ bá tán lẹ́nu rẹ̀, kò ní í lọ mọ́, oògùn á já, kòkòrò á tún gbérí. Ìgbà yẹn ni àìsàn gidi á wá dé, tí ọjọ́ mẹ́rin tí ọ̀gá rò pé òun jèrè rẹ̀ á di oṣù mẹ́ta, tí aṣọ oníbàárà á sì wà lórí tábìlì láìrán.

Orúkọ tí Yorùbá fún àìsàn yìí wà lára ohun tó ba nǹkan jẹ́. Àrùn kògbóògùn. Ìwé ìròyìn kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, rédíò pè é bẹ́ẹ̀, gbogbo ayé sì gbà á bẹ́ẹ̀. Nígbà tí orúkọ náà jáde, kò fi bẹ́ẹ̀ purọ́. Nígbà tí Fẹlá Aníkúlápó-Kútì kú ní oṣù kẹjọ ọdún 1997, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kútì, tó ti ṣe mínísítà ètò ìlera rí, jáde sọ fáyé pé éèdì ló pa á, oògùn gidi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń délẹ̀ lókè òkun ni, ìwọ̀nba olówó ló sì lè rà á níbí. Ó di ọdún 2002 kí ìjọba Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ètò oògùn fún 10,000 àgbàlagbà àti 5,000 ọmọdé. NIMR ní Yábàá wà lára ibi tí ètò náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún kan náírà ni aláìsàn ń san lóṣù nígbà náà, kó tó di ọ̀fẹ́ ní 2006.

Láti ìgbà náà, àrùn yìí ti ń gbọ́ oògùn. Kì í lọ pátápátá, bí ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà náà kì í ti í lọ pátápátá, kò sì sẹ́ni tó ń pe ẹ̀jẹ̀ ríru ní kògbóògùn. Ẹni tó bá ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, tí àyẹ̀wò ò rí kòkòrò náà mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò lè kó o ran ẹni tó bá bá lò pọ̀. Ká má tiẹ̀ wá sọ ti ife omi, abọ́ oúnjẹ, òógùn ara tàbí ìjókòó ṣọ́ọ̀bù, tí kò fìgbà kankan kó o ranni. Ṣùgbọ́n orúkọ ṣì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá télọ̀ tó bá gbà pé kògbóògùn ló ń ṣe ẹnì kan, kí ló máa fi ọdún mẹ́ta kọ́ ọ níṣẹ́ fún?

Ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe káàkiri ilẹ̀ yìí ní 2018 fi hàn pé nínú àwọn tó wà láàárín ọdún 15 sí 64, ìdá 1.4 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní HIV. Tí ìṣirò yẹn bá bá ẹgbẹ́ ọjà kan tó ní 500 ọmọ ẹgbẹ́ mu, èèyàn méje nìyẹn. Wọ́n ń dá àjọ, wọ́n ń san owó ẹgbẹ́, wọ́n sì ń jókòó nípàdé bíi ti gbogbo èèyàn.

Òfin náà ti sọ tirẹ̀. Ọdún 2014 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin tó ka ìdẹ́yẹsí àwọn tó ní HIV léèwọ̀. Agbanisíṣẹ́ ò gbọ́dọ̀ sọ pé kí ẹni tó ń wáṣẹ́ lọ ṣàyẹ̀wò HIV kóun tó gbà á, kò sì gbọ́dọ̀ tìtorí ẹ̀ lé e. Kí òfin yẹn tó dé pàápàá, ilé ẹjọ́ gíga Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ìkẹjà ti dá ẹjọ́ kan ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2012. Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílé ìwòsàn aládàáni ni wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n sì lé e lẹ́nu iṣẹ́ ní 1995. Mílíọ̀nù 7 náírà ni adájọ́ ní kí ilé ìwòsàn náà san fún un. Ìyà ọdún mẹ́tàdínlógún lobìnrin náà jẹ kó tó dé ibẹ̀, torí náà kí ẹnikẹ́ni má fi ilé ẹjọ́ ṣe ìrètí. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó bá rò pé ọ̀rọ̀ yìí ò lè dé kóòtù, ó ti dé ibẹ̀ rí.

Àwọn ọ̀gá náà ní tiwọn sọ o, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ tó yẹ kéèyàn fi ṣẹ̀rín. Ìyá olóúnjẹ kan ní Ojúẹlẹ́gba, tí ọ̀rọ̀ bá jáde pé ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá a gbé abọ́ ní HIV, àwọn oníbàárà ò ní í dúró gbọ́ àlàyé dókítà. Ọ̀sẹ̀ kan ti tó láti ba ọjà tó fi ọdún mẹ́wàá kọ́ jẹ́. Ìbẹ̀rù yẹn ṣòro láti dá lẹ́bi.

Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ìrànlọ́wọ́ oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹnikẹ́ni ti máa jẹ́wọ́ ohun tó ń ṣe é. Ọ̀gá ò nílò láti mọ̀. Ohun tó lè ṣe ni kó fún gbogbo ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ ọsibítù mẹ́rin lọ́dún, láìbi wọ́n léèrè, láìyọ owó wọn. Ẹlẹ́jẹ̀ ríru á lò ó, aboyún á lò ó, ẹni tó fẹ́ gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ á lò ó, ẹni tó ní HIV náà á wà láàárín wọn, ojú ò sì ní í tì í. Èyí sàn ju ètò kí wọ́n máa kó ẹ̀rọ ìránṣọ fún àwọn tó ní HIV níwájú kámẹ́rà lọ, nítorí ẹ̀rọ tí gbogbo àdúgbò mọ ìdí tí wọ́n fi fúnni, ta ló fẹ́ gbé aṣọ wá síbẹ̀?

Bó ṣe yẹ kí ẹgbẹ́ ọjà náà ṣe é nìyẹn. Kí wọ́n ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó oṣooṣù, kí wọ́n pè é ní owó mọ́tò ọsibítù, kí akápò nìkan mọ ẹni tó gbà á, kó má sì béèrè ọsibítù wo ni tàbí kí ló ń ṣe onítọ̀hún. Àwọn tó máa sọ pé owó ò sí níbẹ̀ kò ní í pẹ́ jáde. Kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ìwé akápò wá, kí wọ́n wo iye tí ẹgbẹ́ ná sórí àǹkò ayẹyẹ ìparí ọdún tó kọjá.