Ẹ Má Fi Iná Jó Ẹsẹ̀ Ọmọ Tí Gìrì Mú

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà kan, gìrì mú ọmọ ọdún méjì kan ní ìsọ̀ aláṣọ tí ó wà nítòsí ilé mi. Kí ìyá rẹ̀ tó sọ aṣọ tí ó ń wọ̀n sílẹ̀, ẹnì kan ti ń fi ṣíbí la ọmọ lẹ́nu, ẹnì kejì ń sáré wá iná tí wọn yóò na ẹsẹ̀ rẹ̀ sí, ẹnì kẹta sì ti gbé ìgò ìtọ̀ màlúù dé. Kò sí ẹni tí kò fẹ́ràn ọmọ náà nínú wọn. Èyí gan-an ni ó bà mí lẹ́rù.

Ọpọlọ ni ó ń rán iṣẹ́ sí gbogbo ara, bí iná mànàmáná ti ń gba inú wáyà. Bí ibà bá mú ọmọ kékeré, iṣẹ́ tí ọpọlọ ń rán lè dàrú lójijì: ojú á yí, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á máa gbọ̀n, ọmọ kò sì ní mọ ẹnikẹ́ni. Láti oṣù mẹ́fà títí dé ọdún márùn-ún ni gìrì wọ́pọ̀ jù. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni kì í tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí yóò fi dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀, yálà a ṣe nǹkan sí i tàbí a kò ṣe. Ìdí nìyí tí oògùn burúkú fi ń gba ọpẹ́ tí kò tọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ nípa àgbo ìtọ̀ màlúù, èyí tí a máa ń fi ewé tábà, ààyù àti efinrin sí. Láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn ilẹ̀ wa ti ń kọ̀wé nípa ìjàǹbá rẹ̀. Ó ń dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù, ó sì ń dá èémí dúró. Ọmọ tí ìbá jí láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta lè má jí mọ́. Iná ńkọ́? Ọmọ tí gìrì mú kò mọ̀ pé iná ń jó òun. Ẹsẹ̀ á ti bó kí ó tó ké. Ṣíbí ní tirẹ̀ a máa ká eyín, ènìyàn kì í sì í gbé ahọ́n ara rẹ̀ mì.

Ohun tí ó yẹ kí ẹ ṣe kò le. Ẹ tẹ́ ọmọ sílẹ̀, kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ kí itọ́ lè ṣàn jáde. Ẹ kó àga àti òkúta kúrò nítòsí rẹ̀, kí ẹ tú bọ́tìnì ọrùn rẹ̀. Ẹ má dì í mú. Ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, ìbáà ṣe omi. Ẹ wo aago, nítorí ẹ̀rù a máa sọ ìṣẹ́jú kan di wákàtí. Bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, tàbí tí ó tún mú un lẹ́ẹ̀kejì, tàbí tí ọmọ kò jí dáadáa, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Bí ó tilẹ̀ tètè dáwọ́ dúró, kí dókítà rí ọmọ náà lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí ibà tí ẹ̀fọn ń fà lè ti wọ inú ọpọlọ, tàbí kí ó jẹ́ àrùn yínrùnyínrùn tí ń mú kí ọrùn gan. Àwọn méjèèjì yìí kì í dúró de ọ̀la.

Wárápá yàtọ̀. Òun ni èyí tí ó ń padà wá láìsí pé ara gbóná. Ó lè ti inú ìrọbí tí ó nira wá, tàbí inú àrùn ọpọlọ, tàbí kí ọmọ ti fi orí gbá nǹkan gidigidi. Nígbà mìíràn a kì í rí ìdí rẹ̀ rárá. Kì í ràn. Itọ́ tí ń hó lẹ́nu ọmọ kò lè kó o ran ẹnikẹ́ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ láti ilé dé ilé ní Ìgbó-Ọrà, wọ́n yẹ àwọn tí ó lé ní 18,000 wò, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní 1987: nínú ẹgbẹ̀rún ènìyàn, bí márùn-ún ni ó ní in. Oògùn rẹ̀ wà. Láti 1912 ni wọ́n ti ń lo phenobarbital, kò sì wọ́n. Bí ìtọ́jú bá tọ́, bí méje nínú mẹ́wàá lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa òbí! Bí ọmọ bá ti lo oṣù mẹ́ta láìṣubú, a ó ní owó oògùn ti tó. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Dókítà ni yóò sọ ìgbà tí a ó dá a dúró, ó sì sábà máa ń fẹ́ rí bí ọdún méjì tí kò mú ọmọ rárá.

Wàyí o, ó ku èyí tí ó kàn mí. Wárápá kan wà tí kì í gbé ọmọ ṣubú. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọmọbìnrin ọdún mẹ́jọ kan wà ní kíláàsì mi. Bí mo bá ń pe àpèkọ, pẹ́ńsù rẹ̀ á dúró láàárín ọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ á ranjú mọ́ ibì kan, ìpéǹpéjú rẹ̀ á máa ṣẹ́ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, yóò tún máa kọ ọ́ lọ, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan ti fò ó. Mo ní ọ̀lẹ ni, mo ní ọkàn rẹ̀ wà lọ́jà. Mo nà án, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ó máa ń wò mí bí ẹni tí kò mọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, nítorí kò mọ̀ ọ́n ní tòótọ́. Nọ́ọ̀sì kan tí ó wá yẹ eyín àwọn ọmọ wò ni ó là mí lójú. Ọmọ tí ọkàn rẹ̀ kàn lọ, bí ẹ bá pe orúkọ rẹ̀ tàbí tí ẹ fọwọ́ kàn án, yóò jẹ́ yín lóhùn. Ọmọ tí irú wárápá yìí mú kò ní gbọ́, ó sì lè mú un ní ọ̀pọ̀ ìgbà lóòjọ́. Ẹ̀yin tíṣà, ẹ gbé pàṣán sílẹ̀ ná, kí ẹ ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀.

Bí ẹ bá dé ọsibítù, ó ṣeé ṣe kí nǹkan náà má ṣe ọmọ lójú dókítà. Ohun tí ẹ bá sọ ni yóò fi mọ irú èyí tí ó jẹ́ àti oògùn tí ó bá a mu. Nítorí náà ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí, bí ó ti pẹ́ tó, àti ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ lára. Ata ni ìyá ọmọbìnrin náà ń tà, kò sì pẹ́ ní ilé ìwé. Ẹ̀yìn ìwé tí ó fi ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà rẹ̀ ni ó kọ tirẹ̀ sí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Dókítà ka ojú ewé náà tán kí ó tó bi èmi tíṣà ní ohunkóhun.