Ọjọ́ Ẹsẹ̀ Kò Tó Ọjọ́ Ẹnu

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Agbára ara ní ìgbà tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ti ní ìgbà tiwọn. Àgbẹ̀ ilẹ̀ Ìgbómìnà kì í bá òjò jà nígbà tí ó bá dá. Kí òjò tó dá ni ó ti mọ ohun tí yóò jẹ ní ẹ̀ẹ̀rùn, tí ó sì ti ya èbù iṣu sọ́tọ̀ fún ọdún tí ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ sọ kò jìnnà sí ọgbọ́n àgbẹ̀ yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bọ́ọ̀lù ni yóò sìn wá débẹ̀.

Bí ènìyàn bá gba ẹ̀bá pápá ilé-ìwé kọjá ní ìrọ̀lẹ́ ní Ìsánlú-Ìsin, ní Òmù-Àrán tàbí ní Èsìẹ́, yóò gbọ́ ariwo àwọn ọmọ tí ń gbá bọ́ọ̀lù. Láàárín wọn ni a ti máa ń rí ẹni tí ó ti pinnu lọ́kàn ara rẹ̀ pé ẹsẹ̀ òun ni yóò la òun, nítorí náà kí ni òun tún ń fi ìwé ṣe? Àwọn òbí kan sì wà tí inú wọn kì í dùn láti rí bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ọmọ wọn, tí wọ́n ń pè é ní eré ọ̀lẹ. Ní tèmi, àtọmọ àtòbí ni wọ́n ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Ọmọ gbàgbé pé ó máa ń rẹ ẹsẹ̀. Òbí gbàgbé pé ohun tí ọmọ fi ẹsẹ̀ kọ́ lè di ohun tí yóò fi ẹnu rẹ̀ jẹun ní ọjọ́ iwájú. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ìgbésí ayé ọkùnrin kan wò, kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa.

Ọ̀gbẹ́ni Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ni ọkùnrin náà. Abẹ́òkúta ni a bí i sí ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ, ọdún 1952, ṣùgbọ́n ìlú Jos, ní òkè ọya, ni ó dàgbà sí. Nígbà tí ó dé Ìbàdàn, ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Pólì, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ IICC Shooting Stars. Kò fi ọ̀kan sílẹ̀ nítorí èkejì. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dúró lé.

Apá ọ̀tún pápá ni ó máa ń gbà. Ó ga, ó yára, ó sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí bọ́ọ̀lù kúrò lẹ́sẹ̀ òun. Ní ọdún 1976, ó wà nínú ẹgbẹ́ Shooting Stars tí ó borí ẹgbẹ́ Tonnerre ti ìlú Yaoundé ní Kamẹrúùnù, tí wọ́n sì gba ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà, èyí tí ẹgbẹ́ kankan láti Nàìjíríà kò tíì gbà rí. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta, ọdún 1980, ní pápá ìṣeré ńlá ti Sùúrùlérè ní Èkó, Nàìjíríà pàdé Àlgéríà láti mọ ẹni tí yóò jẹ ọba bọ́ọ̀lù ní Áfíríkà. Ìṣẹ́jú kejì ni eré náà wà tí Ọdẹ́gbàmí ti ju bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n. Kí wọ́n tó lọ sinmi ní ìdajì eré, ó tún fi ẹyọ kan sí i. Mudaṣiru Lawal ni ó jẹ ẹ̀kẹta, Nàìjíríà sì gba ife náà fún ìgbà àkọ́kọ́.

Orúkọ ìnagijẹ tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí ni “Mathematical”, èyíinì ni oníṣirò. Olóògbé Ernest Okonkwo, ògbóǹtarìgì tí ń ròyìn bọ́ọ̀lù lórí rédíò, ni ó sọ ọ́ ní orúkọ náà. Nígbà náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni kò ní ọ̀nà láti dé Sùúrùlérè. Àwọn tí wọ́n wà ní abúlé, tí wọ́n gbé etí lé rédíò, ohùn Okonkwo ni wọ́n fi ń rí bọ́ọ̀lù. Ẹsẹ̀ ni ó ṣe iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ẹnu ni ó sọ ọ́ lórúkọ, tí ó sì gbé orúkọ náà dé ibi tí ẹsẹ̀ kò lè dé.

Ẹ jẹ́ kí àwa náà ṣe ìṣirò díẹ̀. Bí a bá ka ìgbà tí Ọdẹ́gbàmí fi gbá bọ́ọ̀lù láti ọdún 1970 títí di ọdún 1984, ọdún 14 ni. Ní ọdún 1984 náà, Zamalek ti ilẹ̀ Íjíbítì borí Shooting Stars nínú ìdíje àṣekágbá fún ife àwọn ẹgbẹ́ aborí ní Áfíríkà, Ọdẹ́gbàmí sì fi pápá sílẹ̀. Ẹni ọdún 32 ni nígbà náà. Ní ọ̀pọ̀ iṣẹ́, ẹni ọdún 32 ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Ní ti bọ́ọ̀lù, ó ti di àgbà tí a ń kí pé ó kú iṣẹ́. Láti ìgbà náà títí di òní, ó ti lé ní 40 ọdún. Bí a bá fi 14 sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí a fi 40 sí ẹ̀gbẹ́ kejì, èwo ni ó yẹ kí ọlọ́gbọ́n ọmọ múra sílẹ̀ dè jù? Ẹni tí ó ní ẹsẹ̀ nìkan ti múra sílẹ̀ de 14. Ta ni yóò bá a bọ́ 40?

Ọdẹ́gbàmí kò jókòó kí ó máa sọ ìtàn àná fún ẹni tí ó bá ra ọtí fún un. Ó di òǹkọ̀wé nínú ìwé ìròyìn, ó ń ṣàlàyé bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n, ó dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Wasimi ní Ìpínlẹ̀ Ògùn níbi tí ìwé àti eré ìdárayá ti jọ ń rìn, ó sì dá ilé iṣẹ́ rédíò eré ìdárayá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, tí a ń pè ní Eagle 7. Ọmọ tí Okonkwo fi rédíò sọ lórúkọ di ẹni tí ó ní rédíò tirẹ̀. Èmi kò gbà pé orí rere nìkan ni ó ṣe èyí fún un. Ẹni tí ó ti ń ka ìwé ní àárín ìdíje kan sí èkejì ni ó lè jókòó kọ̀wé nígbà tí ìdíje bá tán.

Ẹnì kan lè dáhùn pé gbígbá bọ́ọ̀lù yàtọ̀ sí sísọ̀rọ̀, pé ẹni tí ó bá mọ eré ti ní ohun tí yóò sọ, kí ni a tún ń kọ́ ẹnu sí? Ìtàn ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan yóò ràn wá lọ́wọ́ níhìn-ín. Wọ́n ní eré kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní bésíbọ́ọ̀lù. Ẹnì kan yóò dúró lórí òkìtì kékeré láàárín pápá, yóò máa ju bọ́ọ̀lù líle kan tí kò tóbi ju ọsàn lọ. Ẹnì kejì láti inú ẹgbẹ́ alátakò yóò gbé kùmọ̀ lọ́wọ́, yóò máa gbìyànjú láti lu bọ́ọ̀lù náà jìnnà. Apá ajùbọ́ọ̀lù ni ẹgbẹ́ gbójú lé.

Ọ̀kan nínú àwọn ajùbọ́ọ̀lù tí òkìkí wọn kàn jù ni Dizzy Dean, tí a bí ní Arkansas ní ọdún 1910. Ní ọdún 1934, ìdíje 30 ni wọ́n kọ sí orúkọ rẹ̀ pé ó borí fún ẹgbẹ́ Cardinals ti ìlú St. Louis. Ní ọdún 1937, bọ́ọ̀lù bà á ní ọmọ ìka ẹsẹ̀, ó sì ṣẹ́ ẹ. Kò dúró kí ó san tán tí ó fi padà sórí pápá. Nítorí ìrora ẹsẹ̀, ó yí ọ̀nà tí ó ń gbà ju bọ́ọ̀lù padà, èyí sì ba apá rẹ̀ jẹ́. Ìka ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni ó ba iṣẹ́ apá jẹ́! Ní ọdún 1941, nígbà tí ó di ẹni ọdún 31, ó bọ́ sí ìdí rédíò ní St. Louis, ó ń ròyìn eré tí òun náà ti ń ṣe rí.

Dean kò kàwé púpọ̀. Bí àwọn ará oko Arkansas ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ni òun náà ń sọ ọ́ lórí rédíò. Ní ọdún 1946, àwọn olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Ìpínlẹ̀ Missouri fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn pé ó ń ba èdè àwọn ọmọ jẹ́. Àwọn olùgbọ́ kọ̀. Wọ́n ní ọkùnrin náà mọ ohun tí ó ń sọ, ohùn rẹ̀ sì tu àwọn lára. Dean kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ní ọdún 1947, nítorí pé ó ń fi àwọn ajùbọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ Browns ṣe yẹ̀yẹ́ lórí rédíò pé òun sàn jù wọ́n lọ, wọ́n ní kí ó wá fi hàn. Ó bọ́ sórí pápá fún ọjọ́ kan, ó ju bọ́ọ̀lù fún ìpín mẹ́rin eré náà, alátakò kò sì jẹ ẹyọ kan.

Ta ni ó jàre nínú ẹjọ́ yìí? Èrò tèmi ni pé Dean jàre ní ti ìmọ̀, àwọn olùkọ́ sì jàre ní ti ẹrù tí ó wà lọ́rùn ẹni tí ń sọ̀rọ̀ sétí ọmọdé. Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní ilẹ̀ Ìgbómìnà gan-an. Ẹ ní èdè ilé yín, èdè tí ìyá fi pè yín láti ìkókó, ẹ kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dójú tì yín. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ kí ará Ọ̀yọ́, ará Èkìtì, ará Ìjẹ̀bú àti ará Kétu gbọ́ òun ní àgbọ́yé gbọ́dọ̀ kọ́ Yorùbá tí gbogbo wọn jọ ń kà nínú ìwé. Ẹni tí ó bá ní èdè méjèèjì yìí, a máa fi ọ̀kan dun ọ̀rọ̀, a sì máa fi èkejì là á yé ènìyàn.

Ohun kan tún wà tí ó mú kí iṣẹ́ ẹnu ṣòro ju iṣẹ́ ẹsẹ̀ lọ. Nígbà tí rédíò kọ́kọ́ dé ilẹ̀ wa, àwọn bàbá wa pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Agbábọ́ọ̀lù ń gba èsì lójú ẹsẹ̀: bí ó bá ṣe dáadáa, a hó yèè, bí ó bá ṣi bọ́ọ̀lù gbá, a bú u. Ẹni tí ó wà nídìí rédíò kò rí olùgbọ́ rẹ̀, kò sì gbọ́ èsì. Bí ó bá purọ́, irọ́ náà yóò ti wọ ilé ẹgbẹ̀rún kí ẹnikẹ́ni tó là á níjà. Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Agbábọ́ọ̀lù tí ó di asọ̀rọ̀ lórí rédíò sì ní ìdánwò tirẹ̀: àwọn tí yóò sọ òtítọ́ nípa wọn jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́ tàbí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ó bá gbè wọ́n, ìmọ̀ rẹ̀ di asán. Bí ó bá sì ń bú wọn láti fi ara rẹ̀ hàn, àwọn ènìyàn yóò sọ pé ìlara ni.

Ẹ̀rí ohun tí mò ń sọ nípa iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ ẹnu kò jìnnà sí Ìsánlú-Ìsin. Ní Èsìẹ́, ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí a ṣí ní ọdún 1945, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ère òkúta wà níbẹ̀: ọkùnrin àti obìnrin tí wọ́n jókòó, tí irun àti ìlẹ̀kẹ̀ wọn hàn gbangba. Ọwọ́ tí ó gbẹ́ wọn mọ iṣẹ́ púpọ̀. Síbẹ̀, àwọn agbẹ́gilére òkúta wọ̀nyí kò fi orúkọ sílẹ̀ fún wa, àwọn ọ̀mọ̀wé sì ń jiyàn títí di òní lórí ibi tí wọ́n ti wá. Iṣẹ́ tí kò bá ní ẹni tí yóò ròyìn rẹ̀, àwọn tí kò sí níbẹ̀ ni yóò máa méfò rẹ̀. Ìdí nìyí tí inú mi fi ń dùn nígbà tí ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ bá tún kọ́ bí a ti ń sọ ọ́.

Òótọ́ ni pé gbogbo agbábọ́ọ̀lù kọ́ ni yóò rí ìjókòó nílé iṣẹ́ rédíò. Ìjókòó náà kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti kọ́ bí a ti ń wo nǹkan dáadáa, tí a ń tò ó lẹ́sẹẹsẹ, tí a sì ń sọ ọ́ láìfi kún un, yóò rí ibi lò ó: nílé-ìwé bí olùkọ́, ní pápá bí olùdarí ẹgbẹ́, lọ́jà bí oníṣòwò, ní ààfin bí ìjòyè.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbá bọ́ọ̀lù yín, kí ẹ sì gbá a dáadáa. Nígbà tí ìdíje bá parí, kí ẹnì kan nínú yín mú ìwé àti kálámù, kí ó kọ ìròyìn rẹ̀ ní Yorùbá tí ó gún, kí ó sì kà á sókè níwájú kíláàsì. Kí àwọn tí ó gbá bọ́ọ̀lù náà sọ ibi tí ó ti fi kún un àti ibi tí ó ti yọ kúrò nínú rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fún wọn ní àyè. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ti ka ìwé rẹ̀, ẹ má ṣe gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ ẹsẹ̀ dára, ó sì dùn, ṣùgbọ́n kò pẹ́. Kí ẹ ti máa ya èbù ọjọ́ ẹnu sọ́tọ̀ nísinsìnyí tí òjò ṣì ń rọ̀.