Ìlàrí Òde Òní

Láyé àtijọ́, Aláàfin Ọ̀yọ́ kì í rán ẹni tí kò bá dá a lójú níṣẹ́. Àwọn ìlàrí, tí a ń fá ìdajì orí wọn, ni ẹnu ọba; ẹni tí ó bá tàbùkù ìlàrí, ọba ni ó tàbùkù. Aṣojú ìjọba nílẹ̀ òkèèrè ni ìlàrí òde òní.

Abájọ tí ariwo fi ta ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, nígbà tí Ààrẹ Tinúbú yan Ayọ̀délé Òkè, ọmọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, sí ipò aṣojú. Ní 2017, wọ́n yọ ọ́ kúrò ní olórí àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ NIA, lẹ́yìn tí àjọ EFCC rí owó tí ó lé ní mílíọ̀nù 43 dọ́là nínú ilé kan ní Ìkòyí, Èkó. Ṣùgbọ́n ní 2023, EFCC fúnra rẹ̀ fa ẹjọ́ náà kúrò ní kóòtù.

Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ti ṣe olóòtú Daily Service kí ó tó di Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní 1959. Olóòtú ni í pinnu ohun tí aráàlú yóò kọ́kọ́ kà. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà: ìwé ìròyìn tí ó bá ròyìn owó, kí ó ròyìn kóòtù pẹ̀lú. Kí ó sì bèèrè ìdí tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ aṣojú wa fi wà láìní olórí fún ohun tí ó lé ní ọdún méjì, láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 tí a ti pe àwọn aṣojú wálé. Ariwo orúkọ kan kò gbọdọ̀ bo ìyẹn mọ́lẹ̀.