Ẹ San Owó Oṣù fún Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ni ilé-iṣẹ́ rédíò, ẹ̀yin ọ̀gá tí ìjọba fi síbẹ̀, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi lẹ́nu iṣẹ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, àti ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa ní ṣọ́ọ̀bù, nínú mọ́tò àti lóko, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ló wà nínú ìwé pẹlẹbẹ yìí: kí àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò Yorùbá jáwọ́ nínú títa àsìkò fún atọ́kùn ètò, kí wọ́n máa sanwó iṣẹ́ fún un. Púpọ̀ nínú ohun tí àwọn olùgbọ́ ń ráhùn lé lórí, ibẹ̀ ló ti ń ṣàn wá.

Fún ẹni tí kò mọ bó ṣe ń lọ: ọ̀dọ́ kan tó lóhùn, tó sì gbọ́ Yorùbá dénú, gbé èrò ètò kan lọ sí ilé-iṣẹ́ rédíò. Wọn kì í sábà bi í pé kí ló fẹ́ wí, tàbí ta ló fẹ́ wí i fún. Iye tó lè san ni wọ́n ń bi í. Wọ́n á gé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún un lọ́sẹ̀ bí ẹni gé ilẹ̀ tà. Láti ọjọ́ náà lọ, òun ni atọ́kùn, òun ni olóòtú, òun náà ni yóò máa ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn láti tọrọ ìpolówó. Ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ FIBAN, ẹgbẹ́ àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ aládàáni, ló ń jẹun lọ́nà yìí, mo sì mọ làálàá tí wọ́n ń ṣe. Nígbà wo ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò ráyè kàwé? Nígbà wo ni yóò wá ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn lọ sílé? Kó tó jókòó sídìí ẹ̀rọ, gbèsè àsìkò ọ̀sẹ̀ náà ti gba gbogbo ọkàn rẹ̀.

Ohun tí olùgbọ́ wá ń gbọ́ nìyí: orin ìbẹ̀rẹ̀ ètò, oríkì olówó kan, oríkì olówó kejì, ìpolówó àgbo, nọ́mbà fóònù, ìpolówó ilẹ̀, ìkíni ọjọ́ ìbí. Ọ̀rọ̀ gan-an tí a torí rẹ̀ dá ètò náà sílẹ̀ kì í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Èyí tó dùn mí jù ni ti àgbo. Òfin NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, ni pé a kò gbọdọ̀ polówó oògùn àfi tí àjọ náà bá ti fọwọ́ sí ìpolówó ọ̀hún. Síbẹ̀, à ń gbọ́ ìgò kan ṣoṣo tí wọ́n ní ó ń wo ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru, jẹ̀díjẹ̀dí àti àìrọ́mọbí pọ̀. Mi ò bá egbòogi jà. Ìmọ̀ àwọn baba wa ni, ó sì níyì. Ṣùgbọ́n atọ́kùn tó jẹ́ pé aláàgbo ló ń bá a san owó àsìkò kò lè bi í pé ta lo ti wò sàn, ta ló yẹ̀ ẹ́ wò, kí ló wà nínú ìgò yìí. Ìyá tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru á gbọ́, á gbà, á sì pa oògùn dókítà tì. Rédíò ló gbà gbọ́, kì í ṣe aláàgbo. Ẹ̀mí èèyàn ni à ń fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yìí ṣòwò, kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Kò rí báyìí látilẹ̀. Nígbà tí asọ̀rọ̀mágbèsì oníwáyà wọ Èkó ní 1935, tó sì dé Ìbàdàn ní 1939, àwọn tó ń gbọ́ ọ ló ń san owó oṣooṣù. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán WNTV sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959, tí rédíò WNBS sì wà pẹ̀lú rẹ̀, Adébáyọ̀ Fálétí, akéwì, òǹkọ̀wé ìtàn àti eré, wà lára àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Ẹ wo irú ẹni tí wọ́n ń sanwó fún! Ewì Ọlátúbọ̀sún Ọládàpọ̀ àti ti Ọlánrewájú Adépọ̀jù, rédíò ló gbé e dé etí ẹni tí kò ṣí ìwé ewì rí. Kọ́lá Ọláwuyì náà fi ètò Nǹkan Ń Bẹ lórí rédíò mú àwọn èèyàn jókòó. Kì í ṣe ohùn nìkan ló fi ṣe é: ó ń tọ ọ̀rọ̀ lọ síbi tó ti ṣẹlẹ̀, ó sì ń gba ohùn ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí sílẹ̀. Gbénga Adébóyè, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó kú ní 2003, a máa fi ohùn ara rẹ̀ nìkan di èèyàn púpọ̀, kálukú pẹ̀lú ìwà àti ìsọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ẹni tí kò bá ti ronú kó tó débẹ̀ kò lè ṣe irú rẹ̀.

Títí di 1992, ìjọba nìkan ló ni rédíò ní Nàìjíríà. Òfin ọdún náà dá NBC, àjọ tó ń mójú tó ilé-iṣẹ́ rédíò, sílẹ̀, ó sì ṣílẹ̀kùn fún ilé-iṣẹ́ rédíò aládàáni; Raypower, ọ̀kan nínú wọn, bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1994. Lónìí, ilé-iṣẹ́ rédíò pọ̀ n'Ìbàdàn nìkan débi pé a ó yí rédíò títí kí á tó kà wọ́n tán. Mo yọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń yí i, ìpolówó kan náà ni mò ń bá pàdé.

Mo mọ̀ pé ẹrù ń bẹ lọ́rùn ẹni tó ni ilé-iṣẹ́. Iná ìjọba kò dúró, epo dísẹ́ẹ̀lì wọ́n, owó ìwé àṣẹ sì ń bẹ nílẹ̀. Ẹni tó ra àsìkò máa ń sanwó ṣáájú, ìyẹn sì ń tán ìṣòro oṣù. Àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ aládàáni kan náà ti rí ṣe nídìí ẹ̀, mi ò sọ pé wọn ò rí ṣe. Ṣùgbọ́n iye ẹni tó ń gbọ́ ni onípolówó ńlá ń wò. Bí olùgbọ́ bá ti gbé etí rẹ̀ lọ sórí Facebook àti orin inú fóònù, kí ni ilé-iṣẹ́ yóò tà lọ́dún márùn-ún sí i?

Kò pọn dandan kí gbogbo rẹ̀ yí padà lọ́jọ́ kan. Kí ilé-iṣẹ́ mú ètò òwúrọ̀, láti aago mẹ́fà sí mẹ́sàn-án, kúrò lọ́jà ná. Kí ẹ̀ka ìpolówó tirẹ̀ máa wá onígbọ̀wọ́, kí atọ́kùn máa gba owó oṣù. Fún sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ aládàáni tó kù, kí òun àti ilé-iṣẹ́ jọ pín owó ìpolówó lẹ́yìn tó bá wọlé, dípò kí ó san tirẹ̀ ṣáájú. Bí ètò bá dín kù nítorí èyí, kó dín. Ètò rere kan tí a tún gbé sáfẹ́fẹ́ lálẹ́ sàn ju mẹ́ta tí kò ní láárí lọ.

Ẹni tí a bá sì ń sanwó fún, a lè béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ rán an lọ sí ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn pẹ̀lú ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀. Kí ó bi ìyá tó ń ta tòmátì pé èló ló ra apẹ̀rẹ̀ lóṣù tó kọjá, èló ló rà á lónìí. Kí ó bi awakọ̀ tó kó tòmátì náà ti Òkè Ọya bọ̀ pé èló ló ná lójú ọ̀nà, àwọn wo ló gba owó náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó wá pe alága ìjọba ìbílẹ̀, kí ó fi ohùn àwọn èèyàn náà sí i létí, kí ó sì dákẹ́ kí alága náà dáhùn. Atọ́kùn wa kì í sábà dákẹ́; kí àlejò tó parí ọ̀rọ̀ ni wọ́n ti já a gbà lẹ́nu rẹ̀. Bí ọmọ Èkìtì tàbí Ìjẹ̀bú bá sì fi èdè ìlú rẹ̀ dáhùn, ẹ má gé e kúrò.

Ìròyìn náà ń fẹ́ àtúnṣe. Wéréwéré ni wọ́n ń túmọ̀ rẹ̀ láti inú Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹni tó ń gbọ́ kò ní mọ ẹni tó ṣe kí ni fún ta. Kí olóòtú ilé-iṣẹ́ jókòó ti atọ́kùn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí wọ́n jọ gbọ́ ètò tó kọjá, kí olóòtú tọ́ka ibi tó kù sí fún un. Ìdálẹ́kọ̀ọ́ yìí kò ná ilé-iṣẹ́ ní kọ́bọ̀.

Mo rọ NBC pé, nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá wá tún ìwé àṣẹ rẹ̀ gbà, kí àjọ náà bi í pé atọ́kùn mélòó ló ń gba owó oṣù lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì béèrè ìwé NAFDAC fún ìpolówó oògùn kọ̀ọ̀kan. Mo rọ FIBAN pé kí wọ́n fi ẹnu kò lórí pípín owó ìpolówó, nítorí ẹnì kan ṣoṣo kò lè bá ọ̀gá ilé-iṣẹ́ sọ ọ́. Ẹ̀yin olùgbọ́, nígbà míì tí ẹ bá pe ètò, ẹ fo ìkíni gígùn, kí ẹ bi atọ́kùn lórí afẹ́fẹ́ pé ta ló ń sanwó àsìkò yìí.