Ìtàn Igbó tàbí Ìtàn Ìlú?
Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, láti ọdún 1938 tí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti Fágúnwà ti jáde, àwọn kan nínú wa rò pé bí kò bá sí ọdẹ àti iwin, ìtàn kò sí. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní 1929, I. B. Thomas bẹ̀rẹ̀ ìtàn Ṣẹ̀gilọlá, obìnrin Èkó, nínú Akéde Èkó, ìwé ìròyìn ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ rẹ̀. Bí ẹni ń kọ lẹ́tà ni ó kọ ọ́. Àwọn mìíràn tí ń kà á tilẹ̀ gbà á ní òtítọ́. Àwọn ọmọ tí a ó máa kọ́ mọ ọjà ju igbó iwin lọ. Kí olúkúlùkù kọ ohun tí ó mọ̀, kí ó sì máa kọ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.